Ìgbà Tí Yahoo Kì Í Ṣe Èébú

Ní nǹkan bí ọdún 2002, ẹni tó bá ní yahoo.com lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ojú ẹ̀ ti là nìyẹn. A ń kọ ọ́ sínú ìwé ìwáṣẹ́, a ń tẹ̀ ẹ́ sára káàdì. Ní kafé tí mo máa ń lọ n'Íbàdàn, tíkẹ́ẹ̀tì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lagbára mi ká. Ojú ewé á máa ṣí láti òkè wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tẹ́ ẹní, aago ò sì dúró dè é. Bí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé, màá sanwó kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ó di ọ̀dọ̀ Màámi. Wọ́n á ní kí n tún ibi tó ti sọ̀rọ̀ òtútù kà.

Àyè ò sí nígbà náà. Hotmail, tí Sabeer Bhatia àti Jack Smith gbé jáde l'Amẹ́ríkà ní 1996, megabáìtì 2 ló ń fúnni. Yahoo ń fúnni ní 4. Fọ́tò díẹ̀ ti kún un, a ó wá máa pa lẹ́tà rẹ́ kí òmíràn lè ráàyè wọlé. Nígbà tí Google kéde Gmail ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2004, tí wọ́n ní gigabáìtì 1 lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwàdà ọjọ́ náà ni. Ẹni tí wọn ò bá pè kò lè wọlé títí di 2007. À ń tọrọ ìpè lọ́wọ́ ara wa bí ẹni ń wá aṣọ ẹbí.

Microsoft tó ra Hotmail ti sọ ọ́ di Outlook. Ti Yahoo ló ń dùn mí. Lókè òkun, olè tó jà á ní 2013 ló bà á lórúkọ jẹ́: bílíọ̀nù 3 àpótí, gbogbo rẹ̀ pátá, lọ̀rọ̀ kàn. Nílé níbí, orúkọ náà ti bàjẹ́ ṣáájú ìyẹn. Àwọn ọmọ tó ń sun kafé mọ́jú, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà ẹ̀tàn sí òyìnbó, ni wọ́n bí "Yahoo-Yahoo" fún wa. Olu Maintain sì fi orin rẹ̀, Yahoozee, sọ ọ́ di ijó ní 2007. Àwọn ọmọ náà ti kó lọ sórí Facebook àti WhatsApp tipẹ́. Orúkọ ò bá wọn lọ. Bí wọ́n bá ti ní lágbájá ń ṣe Yahoo, ta ló tún ń ronú kan lẹ́tà?

Lọ́jọ́ kan ní báńkì, ọmọbìnrin tó ń kọ fọ́ọ̀mù mi rẹ́rìn-ín: "Dádì, ẹ ò ní Gmail ni?"

Mo ní in. Fóònù ló fipá bá mi ṣí i. Àlẹ́ẹ̀tì àti ìpolówó ọjà ló kún inú ẹ̀.

Àpótí Yahoo mi ṣì wà. Bí mo bá yí i lọ sísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà 2003 kan wà níbẹ̀ tí n ò jẹ́ pa rẹ́, bó ti wù kí àyè há tó: "Òtútù ibí yìí kì í ṣeré o. Bá mi kí Màámi."