Nígbà Tí À Ń Gbàyè Lọ sí Ọsibítù

Kí Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, tó la ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, igi àgbọn àti iyanrìn ló pọ̀ jù ní Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gùṣì, àdúgbò wa. Ẹja làwọn bàbá wa ń pa. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá á jókòó sílé, kò sí ọ̀gá tó máa bi í. Àwa tá a kàwé díẹ̀ la lọ ń ṣe akọ̀wé ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Àpápá, ibẹ̀ la ti mọ̀ pé àìsàn pàápàá ń gba àṣẹ.

Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà tó wà l'Ódàn, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1893, ni wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n máa wá fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ iṣẹ́ ló sì máa ń bọ́ sí. Nọ́ọ̀sì á kọ ọjọ́ náà sára káàdì mi, mi ò sì jẹ́ kó di àárọ̀ ọjọ́ yẹn kí n tó sọ. Bí mo bá ti dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, màá mú káàdì lọ bá ọ̀gá mi.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ọsibítù ní kí n wá ní Túsìdeè tó ń bọ̀. Màá ti parí ìwé owó oṣù kí n tó lọ, ẹni tá a jọ jókòó á bá mi mójú tó ìyókù."

Á wo déètì, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, á ní kí Ọlọ́run fún mi lálàáfíà. Kò bi mí rí pé kí ló ń ṣe mí. Bí mo bá dé, màá gbé ìwé tí dókítà lù lóńtẹ̀ fún un, ó parí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ilé iṣẹ́ mìíràn ò rí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Tó bá ti dárúkọ ọsibítù, wọ́n á gé owó rẹ̀. Ló bá ń pa àìsàn mọ́ra, títí rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú. Ó ń dùn mí dòní, nítorí òfin iṣẹ́ ti wà láti 1974: òṣìṣẹ́ tí dókítà bá kọ̀wé pé ara rẹ̀ ò yá lè gbowó ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ṣe, títí dé ọjọ́ 12 lọ́dún. Àyẹ̀wò lásán, nígbà tí ara ṣì le, ni òfin yẹn ò dárúkọ. Ìyẹn kù sáàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tètè sọ.

Lónìí, iṣẹ́ ti wá bá wa nílé. Báńkì, ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ kún Ìkátẹ̀, síbẹ̀ mò ń gbọ́ táwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń sọ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n láti sọ fún mánéjà pé àwọn fẹ́ lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gba déètì ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sọ aago tẹ́ ẹ máa lọ àti ẹni tó máa bá yín mójú tó iṣẹ́. Ẹ̀yin mánéjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ àìsàn rẹ̀. Ẹ wo déètì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ.