A Lọ Kan Òrùlé Ilé Olúwa ní Kétu

Láti ìgbà tí a ti ti orílẹ̀-èdè Benin dé, ìbéèrè kan ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń bi wá: owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ènìyàn mẹ́rìnlá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ṣé kò ní sàn jù kí a fi í ránṣẹ́ sí ìjọ náà, kí wọ́n fi parí ilé wọn? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ohun tí a fi ojú wa rí ni a fẹ́ fi dá a lóhùn.

Kétu kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí ẹni tí ó mọ ìtàn Yorùbá. Ọ̀kan nínú àwọn ìlú aládé àtijọ́ ni, Ilé-Ifẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá bíi tiwa. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe láàárín ara wọn ní 1889 ni ó fi ààlà pín wa. Àjàyí Crowther dé ibẹ̀ ní 1853. Ní 1886 àwọn ọmọ ogun Dahomey pa ìlú náà run, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dahomey ni àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wálé, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tún ìlú kọ́ ní 1894. Ẹnubodè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Àkàbà Ìdènà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Nítorí náà, àwọn tí a lọ bá kì í ṣe ẹni tí a ó kọ́ ní ìtumọ̀ ìwé Nehemáyà. Àwọn baba wọn ti tún ahoro kọ́ rí.

Ní Oṣù Kejì 2024 ni a gbéra: kápẹ́ńtà mẹ́rin, wẹ́dà kan, àwọn ìyá ìjọ mẹ́ta àti ọ̀dọ́ mẹ́fà. Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ni a gbà, ẹnubodè tí ìjọba Nàìjíríà tì ní Oṣù Kẹjọ 2019, tí wọn kò sì ṣí títí di Oṣù Kẹrin 2022. Láti Igolo a gba Pobè kọjá dé Kétu. Ní ẹ̀bá ọ̀nà, epo pẹtiróòlù wà nínú ìgò lórí tábìlì. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ gbogbo pátákó, ṣùgbọ́n Yorùbá ni a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà, Yorùbá tí ó rán wa létí àwọn ìyá wa àgbà.

Ògiri ilé ìsìn náà ti dúró fún ọdún mẹ́rin láìní òrùlé. Abẹ́ tápólì ni wọ́n ti ń jọ́sìn, bí òjò bá sì ti ṣú, ìsìn parí nìyẹn. Ọgọ́fà páànù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Láti Oṣù Kẹwàá 2023 ni a ti ń kó owó jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí náírà ti ń já wálẹ̀ ní àkókò náà. Nígbà tí a ṣẹ́ ẹ sí owó sefa, páànù méjìlélọ́gọ́rin péré ni ó rà. Ó ku méjìdínlógójì. Oṣù Kẹta ti ń kan ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

A ṣe ìpàdé ní alẹ́ Ọjọ́rú. Àwọn kan ní kí a kan apá kan, kí a wá padà lẹ́yìn òjò. Nígbà náà ni àwọn ìyá ìjọ ibẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe gàrí tà, ní kí a fún àwọn ní òru kan. Ní òwúrọ̀ wọ́n gbé owó wá nínú gèlè. Owó àjọ wọn ni, èyí tí wọ́n ti ń dá láti fi ra ẹ̀rọ tí wọn yóò máa fi rin gbágùúdá. Olórí ikọ̀ wa kò fẹ́ gbà á. Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, owó oúnjẹ yín ni èyí.” Àgbà nínú wọn dáhùn pé:

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ilé ta ni à ń kọ́? Bí ẹ bá kàn án tán tí ọwọ́ wa kò sí níbẹ̀, lọ́jọ́ tí páànù kan bá ṣí, ẹ̀yin ni a ó máa retí. Ẹ má gba ìbùkún wa mọ́ wa lọ́wọ́.”

Olórí ikọ̀ wa dọ̀bálẹ̀ fún un. A gba owó náà tẹkún-tẹkún.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ yàtọ̀. Olórí kápẹ́ńtà tiwọn ni ó ń darí, àwọn tiwa sì ń tẹ̀ lé e. Ó ṣàlàyé pé ìlà-oòrùn ni ìjì máa ń ti jà wá níbẹ̀, nítorí náà kí a má jẹ́ kí etí òrùlé gùn ní ìhà yẹn, kí a sì fi irin so igi òrùlé mọ́ ògiri dáadáa. Àwọn ọmọdé gbé omi, àwọn ọ̀dọ́ gbé pákó. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá mẹ́ta tí ó bá wa lọ jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀. Faransé ni wọ́n kọ́ ní ilé-ìwé. Wọ́n ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò lè kà á. Bíbélì Yorùbá tí a tẹ̀ lódindi ní 1884 wà lọ́wọ́ òbí wọn, àwọn ọmọ kò sì lè ṣí i kà. Kí a tó kúrò, àwọn mélòó kan ti ń ka ìwé Máàkù fún ìyá wọn.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun a kan páànù tí ó kẹ́yìn. Nínú Oṣù Kẹta, ìjì ńlá jà ní Kétu. Wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé páànù kan kò ṣí. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Nítorí náà, ìdáhùn wa nìyí. Òótọ́ ni pé owó ọkọ̀ wa ìbá ra páànù díẹ̀ sí i, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó nìkan ni a fi ránṣẹ́, a ó máa pè wọ́n ní àwọn tí a ń ràn lọ́wọ́ títí di òní. Nísinsìnyí a mọ̀ wọ́n ní alábàáṣiṣẹ́. Ìjọ tí ó bá fẹ́ rán ikọ̀ lọ, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn onílé ohun tí wọ́n ń fẹ́. Kí ó gba oníṣẹ́-ọwọ́ ìlú náà síṣẹ́, kí ó sì sanwó fún wọn. Kí olúkúlùkù mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú rẹ̀ dání. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ẹni tí ẹ lọ ràn lọ́wọ́ bá mú ọrẹ wá, ẹ má ṣe kọ̀ ọ́ nítorí pé ó jẹ́ aláìní.

Ẹ̀yin ìdílé wa, àwọn ìyá Kétu kò tíì ra ẹ̀rọ gàrí wọn. Wọn kò sì béèrè lọ́wọ́ wa. Àwa ni a bẹ̀ yín pé kí ilé kọ̀ọ̀kan fi ohun kan sílẹ̀ fún un, kí àwọn ọmọ náà dá sí i, kí a lè dá àjọ náà padà fún wọn. Olúwa tí ó rí ọrẹ opó inú tẹ́ḿpìlì yóò rí tiyín pẹ̀lú. Àmín.