Ìlọrin sí Jẹ́dà: Ọ̀nà tí bàálù ń fi wákàtí márùn-ún lọ, ọdún gbáko làwọn àgbà fi ń rìn ín

Ẹ bi ará Ìlọrin pé ibo lọ̀nà ti jìn jù, kò ní í pe Èkó, kò sì ní í pe Àbújá. Jẹ́dà lọ́kàn ẹ̀ máa lọ, torí ibẹ̀ ni bàálù máa ń já ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ Mẹ́kà sí.

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, pápákọ̀ òfúrufú Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn, lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, á kún fọ́fọ́. Ìyá arúgbó tí kò wọ bàálù rí á di báàgì ẹ̀ mú pinpin, àwọn ọmọ-ọmọ á máa juwọ́ sí i. Béèyàn bá fa okùn tààrà láti Ìlọrin dé Jẹ́dà, ó tó nǹkan bíi 4,000 kìlómítà. Bàálù tí kò bá yà síbì kankan á fi nǹkan bíi wákàtí márùn-ún dé ọ̀hún. Ẹni tó bá gbéra ní aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán ló máa bá níbẹ̀, torí aago tiwọn fi wákàtí méjì ṣíwájú ti Nàìjíríà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pani lẹ́rìn-ín. Ìlọrin sí Èkó kò ju nǹkan bíi 300 kìlómítà lọ. Síbẹ̀, ẹni tó gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, tí gosiló wá mú, lè ṣì wà lójú títì nígbà tí ojúgbà ẹ̀ tó wọ bàálù ti balẹ̀ sí Jẹ́dà!

Kí bàálù tó dé, ẹsẹ̀ lọ̀pọ̀ wọn fi ń rìn ín. Wọ́n á gba ilẹ̀ Haúsá dé Borno, wọ́n á kọjá sí Chad, wọ́n á wọ Sudan, kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi ní Suakin tàbí Port Sudan láti sọdá Òkun Pupa. Níbi tówó bá ti tán, wọ́n á dúró ṣiṣẹ́ oko. Àwọn kan kú sọ́nà, àwọn mìíì ò sì padà wálé mọ́. Títí dòní, àtọmọdọ́mọ àwọn èrò Mẹ́kà tó ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ ṣì wà ní Sudan. Fallata làwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n.

Sudan yìí kan náà ló tún dí ọ̀nà lọ́dún 2023. Ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin, ni wọ́n bá ti ojú òfúrufú wọn pa. Àwọn bàálù tó kó èrò Mẹ́kà láti Nàìjíríà ní láti yí po, ìrìn wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún wá di nǹkan bíi méje. Làwọn ilé iṣẹ́ bàálù bá tún ń béèrè àfikún owó. Bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ti san tẹ́lẹ̀ gan-an, ẹlòmíì ta ilẹ̀ kó tó rí i, ẹlòmíì fi ọ̀pọ̀ ọdún dá èsúsú.

Ẹ ò rí i pé kìlómítà nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń mọ bọ́nà ṣe jìn. Ìjà tí wọ́n ń jà nílé onílé lè bu lé owó ọkọ̀ ìyá arúgbó ní Pàkátá. Àmọ́ bí ìyá náà bá rántí àwọn tó fẹsẹ̀ rìn ín, wákàtí méje ò ní í tó nǹkan lójú ẹ̀. Kí Ọlọ́run ṣáà jẹ́ kí wọ́n máa lọ ire, kí wọ́n máa bọ̀ ire.