Ohun Tó Bá Ojú Ló Bá Imú

Ojú Bàbá wa ló kọ́kọ́ pọ́n. Ìparí ọdún 2020 ni. Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wálé ọdún sí Aiyetoro-Gbede, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń jẹ iyán. Àkọ́bí wa ló wo Bàbá lójú tó ní, "Bàbá, ibi tó yẹ kó funfun nínú ojú yín ti pọ́n bí epo o." Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lásán ni, àgbo ti wà lórí iná. Lóòótọ́, ìkòkò ń hó lẹ́yìn ilé, òórùn ewé ìbẹ́pẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ gba gbogbo àgbàlá.

Ọkàn wa balẹ̀. Ta ni ò mọ ibà pọ́njú? Ojú á pọ́n, ìtọ̀ á pọ́n, aláìsàn á mu àgbo, á sì lọ. Kí oṣù kìn-ín-ní tó parí, ojú Bàbá ti mọ́. A dúpẹ́, a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí a ò mọ̀ ni pé ojú kọ́ ló ń ṣàìsàn.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá wa. Orúnkún ń dùn wọ́n, oko iṣu ò sì jẹ́ kí orúnkún náà sinmi. Wọ́n máa ń ra oògùn ara ríro ní kẹ́míìsì, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, bí ẹni ń jẹ obì. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, Màmá wa pè wá lórí fóònù pé ẹsẹ̀ Bàbá wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́, ìtọ̀ wọn sì ń hó bí omi ọṣẹ.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan. Abẹ́rẹ́ ara ríro ni wọ́n ń gún fún Bàbá níbẹ̀, ọjọ́ márùn-ún gbáko. Kò sẹ́ni tó yẹ ìtọ̀ wò, kò sẹ́ni tó wọn ìfúnpá. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé diclofenac, ibuprofen àti àwọn ẹbí wọn máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú kíndìnrín kù. Tí kíndìnrín bá ti ń mí gúlegúle tẹ́lẹ̀, ẹrù lèèyàn tún gbé lé e lórí yẹn. A ò ní dárúkọ wọn. Ṣebí àwa náà là ń fi owó oògùn ránṣẹ́ lóṣooṣù, a ò bèèrè lẹ́ẹ̀kan rí ohun tí Bàbá ń fi rà.

Ìlọrin la gbé wọn lọ níkẹyìn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà á mọ̀ ọ́n: Mopa, Isanlu, Egbe, Omu-Aran, kòtò lórí kòtò, Bàbá sì ń kérora lẹ́yìn ọkọ̀. Dókítà tó gbà wá ò ju àkọ́bí wa lọ púpọ̀. Ó wọn ìfúnpá Bàbá: 186 lókè, 72 nísàlẹ̀. Ó tún un wọ̀n. Ó ní kí a má wo ti òkè nìkan, kí a wo bó ṣe jìnnà sí ti ìsàlẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ rọ́bà kànnàkànnà?" ló bi wá. A ní a mọ̀ ọ́n. Ó ní tó bá ṣì tuntun, ẹ fà á, á fà, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà sáyè rẹ̀. Tí oòrùn bá pa á pẹ́, á gan. Iṣan ńlá tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ọkàn náà yẹ kó máa fà bẹ́ẹ̀. Bí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, iṣan á fẹ̀ láti gbà á, lẹ́yìn náà á sún kì láti tì í síwájú. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ dé inú àwọn iṣan tín-ín-rín. Èyí tó bá ti gan kì í fẹ̀ mọ́. Bí ọkàn bá ṣe lù báyìí, bẹ́ẹ̀ ni ìlù náà á ṣe dún dé iwájú, kò sí ohun tó máa rọ̀ ọ́. Àwọn oníwàádìí máa ń wọn bí ìlù yẹn ṣe ń yára sí láti ọrùn dé itan. Tó bá ti ju mítà 10 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iṣan ti gan jù.

Ọpọlọ àti kíndìnrín ló ń jẹ ìyà ìlù yìí jù, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn pọ̀. Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde, bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń lọ bá kíndìnrín nìkan. Kíndìnrín tó ti bàjẹ́ náà kì í dákẹ́. Phosphate tó yẹ kó bá ìtọ̀ lọ á máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, calcium tó yẹ kó wà nínú eegun á sì lọ máa lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan, títí ògiri náà á fi máa ṣe bí eegun. Iṣan ń ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín ń ba iṣan jẹ́. Màmá wa tó ti dákẹ́ láti àárọ̀ ló wá sọ̀rọ̀: "Ohun tó bá ojú ló bá imú." Dókítà ní, "Ó parí, Mọ́mì."

Kò tíì parí. Lọ́jọ́ kejì, èsì ẹ̀jẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ ojú pípọ́n sì padà wá bá wa. Bàbá ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B, hepatitis B tí gbogbo èèyàn ń gbọ́. Kì í ṣe ibà ló pọ́n wọn lójú nígbà ọdún, ẹ̀dọ̀ ló fara pa. Kòkòrò ń bá ẹ̀dọ̀ jà láti inú, àwa sì ń da àgbo tí a ò mọ ìwọ̀n rẹ̀ lé e láti òkè, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a bá gbé mì ń gbà kọjá. Dókítà ní àrùn yìí tilẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ kíndìnrín fúnra rẹ̀, nítorí pé ohun tí ara ń fi gbógun ti kòkòrò náà lè lọ há sínú àwọn asẹ́ tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bíi mẹ́jọ ló ní mẹ́dọ̀wú B. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ inú èyí tí wọ́n ń gún fún ọmọ ọwọ́ nílẹ̀ wa. A ti bí gbogbo àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó dé.

Bí fífọ ẹ̀jẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí a kọ́kọ́ lọ ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní mẹ́dọ̀wú B kì í bá àwọn yòókù lo ẹ̀rọ kan náà, kó má baà kó ràn wọ́n. Wọn ò ní èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀. A tún gbéra. Nígbà tí a rí ibi tó ní, dókítà fẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni agbára wa gbé, àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. A ta ilẹ̀. A ta mọ́tò. A bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wa lórí WhatsApp: ta ló fi owó sílẹ̀, ta ni ò fi sílẹ̀. Bàbá gbọ́. Wọ́n pè wá jọ, wọ́n ní kí a fẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn, torí a mọ ipò tí ẹ̀dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ wá kan pípààrọ̀ kíndìnrín. Kì í ṣe òkèèrè nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó ti ṣe é láti ọdún 2000, Ilé-Ifẹ̀ náà ṣe é ní 2002. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ fún àyẹ̀wò, a rò pé ẹnì kan á kàn yọ̀ǹda ni. Ọ̀kan nínú wa ní mẹ́dọ̀wú B, kò sì mọ̀. Ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà ò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kẹta ò bá ti Bàbá mu. Àbíkẹ́yìn wa ló kù, ó ṣì wà ní yunifásítì. Ó ní òun ti ṣe tán. Bàbá ní rárá, àwọn ò ní mú kíndìnrín lára ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ayé. A bẹ̀ wọ́n títí. Wọn ò gbà.

Àìsàn tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bàbá la gbé lọ sílé ìwòsàn, àwa la bá ara wa nínú ìwé àyẹ̀wò.

Bàbá wa kú lọ́dún 2023, lóru ọjọ́ kan tí kò sí ìfọ̀jẹ̀. Ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ti sọ ọ́ fún wa tẹ́lẹ̀ pé láàárín àwọn tó ní àrùn kíndìnrín, ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tó sọ ọ́, a ò gbọ́ ọ. Kíndìnrín nìkan là ń gbọ́ nígbà yẹn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọ̀kan nínú wa fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí wa. Àwọn oníwàádìí kan, Rasheed Gbadegesin, Ifeoma Ulasi àti Akinlolu Ojo wà lára wọn, ti yẹ èèyàn 8,355 wò ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n sì gbé e jáde nínú New England Journal of Medicine. Àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOL1 ni wọ́n ń wá. Ẹ̀dà rẹ̀ méjì kan wà tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tó máa ń mú èèyàn sùn títí tó fi ń kú. Àwọn baba ńlá wa tó ní in ló yè é, wọ́n sì bí wa. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2010 ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀dà kan náà ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn sì wà lára èyí tí wọ́n fi mọ bó ṣe pọ̀ tó láàárín wa. Tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé àfi kéèyàn gba méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, kó tó di ewu. Nínú ìwádìí 2024, bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní méjì, ìdá 43 ló ní ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn nìkan sì fi bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu àrùn kíndìnrín.

A ka ìyẹn léraléra. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú APOL1 tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí kíndìnrín ń ṣe fún ara rẹ̀ ló jọ pé ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Kò sẹ́ni tó yẹ ti Bàbá wò, a ò lè sọ pé òun ló pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ tó ní in ni kíndìnrín wọn ò ní bàjẹ́ láéláé, àfi tí nǹkan mìíràn bá tún kún un. Nǹkan mìíràn yẹn ló kàn wá. A ò lè yan ohun tí baba ńlá ẹni fi sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ inú ọbẹ̀, oògùn ara ríro, ìfúnpá tí a ò wọ̀n, mẹ́dọ̀wú tí a ò yẹ̀ wò, ìwọ̀nyí wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe ti ń ṣèwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìbàdàn láti àwọn ọdún 1960. Ọdún 2020 ni bàbá náà kú, ọdún kan náà tí ojú Bàbá wa pọ́n. Ìmọ̀ ò jìnnà sí wa. Àwa la ò lọ bá a.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ máa kúrò ní 50,000 náírà sí 12,000 láwọn ilé ìwòsàn wọn kan, UCH Ìbàdàn wà níbẹ̀. Àkọ́bí wa fi í sórí WhatsApp. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sí abẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́dún yẹn, nígbà tí a wálé ọdún, a gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá dání. Àwa ará Okun, ìkíni wa ni wọ́n fi ń pè wá: "Okun o," bí a bá ṣe pàdé. Àwọn tó wá kí Màmá wa ń wọlé, "Okun o," a ń dá wọn lóhùn, a sì ń na àga sí wọn, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ na apá yín." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní ara àwọn le. A wọ̀n wọ́n náà. Ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B nínú wa ti wà lórí oògùn, ó ń lọ yẹ ẹ̀dọ̀ wò bó ṣe yẹ, òun ló sì ń kọ orúkọ sínú ìwé.

Nígbà tí àlejò tán, a wọn ara wa. Ó kan àbíkẹ́yìn wa, ẹni tó fẹ́ fún Bàbá ní kíndìnrín, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: 148 lókè, 92 nísàlẹ̀.

Ó ní irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi ni.

A ní kó jókòó, kó fẹ̀yìn ti àga, kó má sọ̀rọ̀. A dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. A tún un wọ̀n.