Owó Ẹgbẹ́ Tí Mò Ń San

Ká sòótọ́, inú mi kì í dùn bí mo bá ń san owó ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa. Gààrí ni mò ń yan ní Ikoga, mo sì mọ̀ pé bákan náà ló rí lára ọ̀pọ̀ wa tí a jọ ń jókòó sípàdé.

Ọ̀rọ̀ iye owó ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ẹgbẹ́ ti dá iye tí a ó máa ta kóńgò kan. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wá rà, mo bá a dín in kù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ní kí n san owó ìtanràn, wọ́n sì gbé kóńgò mi lọ. Ó ṣì ń dùn mí di òní.

Síbẹ̀, kóńgò yìí kan náà ló jẹ́ kí n mọ ìwúlò wọn. Nígbà kan, àwọn kan máa ń lu ìdí kóńgò wọnú, àwọn oníbàárà sì ń pe gbogbo wa lólè. Ìyá Ẹgbẹ́ wá ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀: wọ́n á bu gààrí kún kóńgò ẹni, wọ́n á dà á sínú tiwọn, gbogbo wa á máa wò ó bóyá yóò kún dé ẹnu. Èyí tí kò bá kún, wọ́n á gbà á.

Wọ́n tún wúlò fún mi nígbà tí bodè wà ní títì. Ìjọba ti bodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, bodè Sèmè kò sì ṣí títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Lásìkò yẹn, àwọn ẹ̀ṣọ́ dá ọkọ̀ tó kó gààrí mi dúró lójú ọ̀nà bíi pé ìrẹsì fàyàwọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ títí, pàbó ló já sí. Àfìgbà tí àwọn ìyá ẹgbẹ́ dé, tí wọ́n tú àpò, tí wọ́n bu gààrí sí ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, ni àwọn ẹ̀ṣọ́ tó jẹ́ kó kọjá.

Ọ̀rọ̀ iye owó tó ń bí mi nínú yìí sì ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba òyìnbó fẹ́ fipá dá iye gààrí l'Ékòó, Captain Pullen ló wà nídìí ètò náà. Alimọtu Pẹlẹwúrà, ẹlẹ́ja tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà, kó wọn jọ, wọ́n takú títí ètò náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1945. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí pé ẹgbẹ́ tiwa ló tún ń fipá dá iye lé wa lórí.

Mo ti sọ ọ́ nípàdé: ẹ̀yin ìyá wa, ẹ máa yẹ kóńgò wa wò, ẹ máa bá wa bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí kálukú ta ọjà rẹ̀ ní iye tó bá wù ú. Wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Mo san owó oṣù tèmi lọ́jọ́ náà.