Katapílà Tòkunbọ̀ àti Pẹ̀rẹ̀gún Méje

Ẹni tó bá dàgbà ní Bariga kì í bẹ̀rù ariwo. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ́tùn-ún, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ń dún lósì, kọ́ńdọ̀ ń pariwo "Yábàá, Yábàá, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" lójú títì. Mo lè sùn nínú gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, tí katapílà tó ń bu yanrìn sínú típà bá bú ramúramù, ara mi á bù máṣọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Bariga wo ló ń sá fún katapílà. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sinmi.

Àwọn tó ti wà lórí ọgbà nígbà yẹn ò jẹ́ gbàgbé ọdún 2022. ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, a ò sì gbọ́ pé ká padà wá títí di àárín oṣù kẹwàá. Ọdún kìíní ni mo wà. Bí mo ṣe ń jí ni mò ń jẹ, bí mo ṣe ń jẹ ni mò ń sùn.

Bàbá mi ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Ẹ̀yin náà mọ Ṣómólú: ní Bájùláyé, ní Ṣípéolú, ojúlé sí ojúlé ni wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà àti pósítà olóṣèlú. (Ká ní a lówó ni, ibẹ̀ là bá ti tẹ ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì.) Ẹ̀rọ tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ni Kord kan, Heidelberg ti Jámánì, tòkunbọ̀ tí wọ́n ti rà kí n tó dáyé. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, dísù kọjá 700 náírà lítà kan, bébà ń gbówó lérí lójoojúmọ́, iná NEPA ò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Tí bàbá mi bá ti yọ owó dísù kúrò nínú owó iṣẹ́, ohun tó kù kì í ju owó búrẹ́dì lọ.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó ń ta yanrìn ní Ìlàjẹ, ló mú ọ̀rọ̀ katapílà wá. Wọ́n ní ilẹ̀ bàbá àwọn ń bẹ lẹ́yìn Ìkòròdú, ó ti di igbó kìjikìji láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú. Wọ́n ní tí a bá ra katapílà tó ń walẹ̀, a ó fi ṣán igbó náà, a ó gbin ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn náà a ó máa fi ẹ̀rọ náà ṣe háyà fún àwọn tó ń kọ́lé lápá Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Owó yanrìn, owó tí wọ́n máa yá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti owó Kord ni wọ́n máa pa pọ̀. Ìyá mi ní, "Bàbá Fúnmi, owó ilé-ìwé ọmọ yín ló wà nínú Kord yẹn o." Bàbá mi ní, "Ilé-ìwé wo? Ṣé èyí tí wọ́n tì pa?" Wọ́n ta Kord lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde tán, bàbá mi fi àkísà nu ilẹ̀ tó dúró lé lórí, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹni tèmi, ẹ ò rí bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń yẹ irin wò! Ẹni tó ti ń ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ látọjọ́ yìí, ẹnu dídùn ò lè tàn án. Ọgbà kan lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn la lọ, ibi tí katapílà tò sí bí àgbò ọdún iléyá. Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ la débẹ̀, a ò sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé à ń bọ̀. Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. "Ó tutù. Ó dáa." Wọ́n ní ẹni tó bá ti mú ẹ́ńjìnnì gbóná dè ọ́, nǹkan ló ń fi pa mọ́, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti gbó dà bí àgbàlagbà, òwúrọ̀ ni ìdìde máa ń nira fún un.

Ẹ kọ ìyókù sílẹ̀ o, ẹ ò mọ ọjọ́ tí owó máa dé. Wọ́n ní kí wọ́n ṣí i, a sì ń wo èéfín. Èéfín dúdú díẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kì í ṣe ẹjọ́. Tó bá jẹ́ àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Tó bá funfun tí kò sì lọ lẹ́yìn tó ti gbóná, ó lè jẹ́ omi ló ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Wọ́n fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ: ọ́ìlì tó bá rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní kí ọ̀párétọ̀ na apá ẹ̀rọ náà sókè, kó pa ẹ́ńjìnnì, a sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Apá ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí orí akẹ́kọ̀ọ́ nínú lẹ́kíṣọ̀ aago méjì ọ̀sán. Bàbá mi kọjá sí èkejì láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó mi bọ́kẹ́ẹ̀tì síwá-sẹ́yìn, wọ́n ń wo bóyá píìnì àti bọ́ṣì ti jẹ. Wọ́n nà gbalaja nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń wo abẹ́ ṣéènì àti eyín irin tó ń fà á: eyín tó bá ti mú ṣonṣo ti jẹ tán, ìsàlẹ̀ yẹn ló sì máa ń jẹ owó jù lára katapílà. Wọ́n fi èékánná họ ọ̀dà tuntun tó wà nídìí apá, wọ́n ń wá ibi tó ti sán rí tí wẹ́dà jó pọ̀. Èkejì náà fìdí rẹmi.

Ẹ̀kẹta jẹ́ Komatsu PC200. Mítà ní kò tíì ṣiṣẹ́ tó 6,000 wákàtí. Bàbá mi tẹ̀ wọ inú yàrá awakọ̀, wọ́n wo pẹ́dàlì, rọ́bà rẹ̀ ti dán bọ̀rọ́. Wọ́n ní, "Mítà lè purọ́, pẹ́dàlì kì í purọ́." Ìyẹn àti ọ́ìlì tó ń jò lára apá ni wọ́n fi já owó rẹ̀ wálẹ̀. Òun la rà. Ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀ gbà. Àwọn tó ń wádìí ìdílé ìyàwó gan-an ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ìṣẹ́jú márùn-ún. A dúró lójú ọ̀nà, Bàbá Kékeré na ọwọ́, wọ́n ní, "Láti ibí dé ọ̀hún." Ó parí.

Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá àgbà wa, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló dá wọn dúró. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ní igbó ni. Kì í ṣe igbó. Ilẹ̀ tí èèyàn ti lò ni. Kànga wà níbẹ̀. Ààlà wà níbẹ̀. Ẹ rìn ín kí ẹ tó gbé irin yín wọ̀ ọ́." Ṣùgbọ́n lóbẹ́ẹ̀dì tó ń gbé katapílà bọ̀ ti gbowó, ọ̀túnla ló ń dé, kò sẹ́ni tó ráyè. Bàbá mi ní, "Fúnmi, ìwọ lo ò ṣe nǹkan kan. Bá Ìyá Àgbà lọ."

Orúnkún ò jẹ́ kí Ìyá Àgbà lè wọ igbó mọ́. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n fa gèlè pupa kan ya sí méje. "Àṣàkẹ́, pẹ̀rẹ̀gún méje ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin wà lójú ààlà. Méjì wà nídìí kànga. Ọ̀kan dá wà láàárín, lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀. So aṣọ mọ́ gbogbo wọn kí awakọ̀ lè rí i." Mo bi wọ́n pé kí ni ti àárín yẹn wà fún. Wọ́n ní, "Ìwọ ṣá so ó."

Ẹ̀yin ọmọ Èkó, pẹ̀rẹ̀gún ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ eléwé gígùn yẹn tí àwọn bàbá wa fi ń pa ààlà. Tí o bá gé ẹ̀ka rẹ̀ gún sílẹ̀, ó ń hù. Ẹni tó gbìn ín á lọ, igi náà á ṣì dúró síbẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀.

Mo so mẹ́fà. Ewé Akíntọ́lá ga jù mí lọ, ìjàlọ gun ẹsẹ̀ mi, mo fara dà á. Nígbà tí mo dorí kọ ti àárín, mo ń wo orí rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n wèrèpè ti bo ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tí wèrèpè bá ti fara kàn rí á mọ ohun tí mò ń wí. Mo dúró. Mo wo aṣọ tó kù lọ́wọ́ mi. Mo kì í bọ àpò jíìnsì mi, mo sì padà. Ìyá Àgbà ní, "Méje?" Mo ní, "Méje, mà."

Katapílà wọlé. Ká sòótọ́, ó dùn ún wò. Ọ̀párétọ̀ wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fara balẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, kò já sí àárín. Tó bá dé ìdí ọ̀pẹ tó ti gbó, á kọ́kọ́ wa ilẹ̀ yí i ká láti já gbòǹgbò, kó tó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì tì í kó ṣubú síwájú, kó jìnnà sí òun. Á gbé e, á gbọn erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ nù, á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó dé itòsí kànga, ó rí aṣọ pupa méjì. Ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀pá wá inú koríko. Kànga ni lóòótọ́, koríko ti bo ẹnu rẹ̀ pátápátá. Irin tó tó 20 tọ́ọ̀nù! Ẹ wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Bàbá mi yíjú sí mi, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi." N ò lè wò wọ́n lójú.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo dìde láti lọ sọ fún ọ̀párétọ̀ nípa ti àárín. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé mo parọ́. Mo ní tó bá sinmi jẹun ọ̀sán, màá yọ́ lọ so ó. Kò sinmi. Kí n tó mọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti gbé ìdì igbó kan sókè: wèrèpè, ewé Akíntọ́lá, àti pẹ̀rẹ̀gún kan láàárín wọn tí gbòǹgbò rẹ̀ ń mì. Mo kígbe. Ta ló máa gbọ́? Ariwo yẹn ni mo sọ fún yín níbẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́, mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà lẹ́yìnkùlé. Mo ní, "Ìyá Àgbà, mẹ́fà ni mo so." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Aṣọ náà ń yọ lápò rẹ lọ́jọ́ yẹn." Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Mo rò pé wàá padà lọ."

Wọ́n wá sọ fún mi. Lọ́dún 1961, àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, ni ibà mú lọ. "Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ, àṣà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e lọ. Wọn ò sọ ibẹ̀ fún mi, èmi náà ò sì béèrè. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn, tí wọ́n bá ń kọ ebè, wọ́n máa ń yà fún pẹ̀rẹ̀gún kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń yà fún un. Mo ń wo bí wọ́n ṣe ń yà, mo sì mọ̀."

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà ní kí n gé ẹ̀ka kan lára pẹ̀rẹ̀gún tó wà nínú òkìtì, kí n lọ gún un sílẹ̀. "Níbo, mà?" "Ibi tó wà." Mo wọ inú ilẹ̀ náà. Ó mọ́ tónítóní, ipa ṣéènì nìkan ló wà níbẹ̀. Gbogbo ibi ló jọra. Mo rìn síwájú, mo rìn sẹ́yìn, mo ń wo Ìyá Àgbà kí wọ́n lè júwe fún mi. Àwọn náà ò mọ̀ mọ́. Nígbà tó pẹ́, mo gún un síbì kan. Wọ́n ní, "Ó tó. Máa bọ̀."

Nígbà tí a padà sí kíláàsì, mo kà nípa Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní IITA ní Ìbàdàn láti 1970 títí di 1987, tí wọ́n sì gba World Food Prize ní 2020. Wọ́n dán oríṣiríṣi ọ̀nà ìṣángbó wò ní Ìbàdàn níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé àgbàrá ń kó erùpẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ tí irin ńlá ṣán ju ilẹ̀ tí wọ́n fi àdá ṣán, tí wọ́n fi kùkùté àti gbòǹgbò sílẹ̀, lọ. Irin wúwo a máa tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, omi ò ní rí ọ̀nà wọlé. Mo rántí tiwa. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn tí a ṣán an gbé erùpẹ̀ dúdú òkè rẹ̀ lọ, ẹ̀gẹ́ ò sì ta bí a ṣe rò. Bàbá àgbà tó ń fi ọkọ́ yà fún igi, wọn ò ka ìwé IITA kankan. Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 ni tiwa náà. Kó tó dé Akọkà, igbó àti àbàtà ló wà níbí. Nígbà mìíràn tí mo bá ń lọ sí lágúùnù, mo máa ń bi ara mi pé ta ló rìn ín wò kí irin tó wọ̀ ọ́.

Katapílà náà ṣì ń ṣiṣẹ́. N ò ní parọ́ lẹ́ẹ̀kejì: òun ló ń san owó ilé-ìwé mi. Bàbá mi ò ṣìṣe lórí irin. Ilẹ̀ la ò yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ọ̀hún ti la ọwọ́ èèyàn kọjá ju katapílà tòkunbọ̀ lọ, kò sì ní mítà tí a lè kà.

Pẹ̀rẹ̀gún tí mo gún ti hù, ó ti ga dé èjìká mi. Àwọn tó ń bá wa ro ẹ̀gẹ́ ti ń yà fún un. Bóyá ibẹ̀ ni, bóyá ibẹ̀ kọ́. Aṣọ pupa keje ṣì wà nínú báàgì mi.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, tí wọ́n bá rán yín ní méje, ẹ jẹ́ méje.