Èmi Ni Mo Gé E Sí Wẹ́wẹ́

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí, ẹ̀ṣẹ̀ mi ló wà nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà l'Ékòó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí mo fi ọwọ́ ara mi bàjẹ́, ọwọ́ kan náà ni mo sì fi tún un ṣe.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni wá ní Yàbá. Tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò là ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: èrò á yan ìjókòó, á sanwó, nọ́ńbà ìjókòó rẹ̀ á sì wọlé sórí fóònù. Nígbà tí mo débẹ̀ ní 2021, ètò kan ṣoṣo lórí sáfà kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Kò lẹ́wà, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó ń kọ kóòdù. Àwa márùn-ún péré ni wá.

Mo ti ka ohun tí James Lewis àti Martin Fowler kọ ní 2014 lórí microservices, ìyẹn gígé ètò ńlá kan sí ètò kéékèèké tí oníkálukú ń dá ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ síra wọn lórí nẹ́tíwọ̀kì. Mo ti gbọ́ bí Netflix ṣe ń ṣe tiwọn. Mi ò béèrè iye èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Netflix. Kí n má purọ́, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ńlá yẹn wà nínú CV mi ni, kí àwọn ẹgbẹ́ mi lè máa wárí fún mi. Mo bá gé ètò náà sí 14: ti ìjókòó lọ́tọ̀, ti owó lọ́tọ̀, ti orúkọ èrò lọ́tọ̀, oníkálukú pẹ̀lú dátábéèsì tirẹ̀. Ọmọbìnrin tó kéré jù láàárín wa bi mí nípàdé pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò máa tọ́jú gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò tíì yé e. Ó yé e jù mí lọ.

Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì 2022 ni àṣírí tú. Màmá kan pè wá láti Ìwó Road ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́ ni wọ́n ń lọ. "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ yọ owó mi, dírẹ́bà sì ní òun ò rí orúkọ mi." Mò ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń pe èrò lẹ́yìn wọn. Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù, mà." Mo wá ń ṣí àkọsílẹ̀ ètò kan tẹ̀ lé òmíràn. Kí n tó dé ìkẹsàn-án, ọkọ̀ ti lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ètò owó gba owó, ó sì ránṣẹ́ sí ètò ìjókòó pé kó kọ orúkọ màmá sílẹ̀. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, èsì ò tètè wá. Ètò tó wà láàárín wọn bá gbà pé iṣẹ́ ti bàjẹ́, ló bá tún un bẹ̀rẹ̀ látorí owó. Owó tún jáde, ìjókòó ò sí. Nínú ètò kan ṣoṣo, bí apá kan bá pe èkejì, bí ẹni tó wà ní pálọ̀ tó pe ará yàrá ni. Ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ̀kì bá ti wà láàárín, ọmọ tí a rán níṣẹ́ sí ìgboro ni: ó lè pẹ́, ó lè má débẹ̀, ó sì lè jíṣẹ́ tán kó má rí ọ̀nà padà wá sọ fún ọ.

Síbẹ̀, mi ò jẹ́wọ́. Owó ló fi tipá là mí lójú. Dọ́là la fi ń san owó sáfà tí à ń háyà, ètò 14 sì ń jẹ sáfà gan-an. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, báńkì àpapọ̀, CBN, tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 460 náírà fò kọjá 700 kí oṣù tó parí. Ọdún yẹn náà ni àwọn ará Prime Video, ọmọ ilé Amazon tó ń háyà sáfà fún gbogbo ayé, kọ ọ́ síta pé àwọn kó ẹ̀ka tó ń ṣọ́ bí àwòrán àti ohùn ṣe dára sí pọ̀ sójú kan, ìnáwó rẹ̀ sì fi ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 dín kù. Bí àwọn yẹn bá lè sọ ọ́ láìtijú, kí ni mo ń fi tèmi pamọ́ sí? Mo jẹ́wọ́ nípàdé, mo sì sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé, "Ìwọ lo jàre."

A ò kó o pọ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn tó ń pe ara wọn jù la kọ́kọ́ so pọ̀, ìjókòó àti tíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà la wá ń kó dátábéèsì wọn sójú kan. Apá kọ̀ọ̀kan ṣì ní yàrá tirẹ̀ nínú kóòdù, èèwọ̀ sì ni kí ọ̀kan fọwọ́ kan ẹrù èkejì láìgba ẹnu ọ̀nà. Ètò tó ń fi SMS ránṣẹ́ nìkan la fi sílẹ̀ lọ́tọ̀. Bó pẹ́, kò ní kí ọkọ̀ fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní báyìí, ìjókòó àti tíkẹ́ẹ̀tì jọ ń wọlé ni, bí ọ̀kan ò bá wọlé, èkejì ò ní wọlé.

Owó nìkan ni ìsopọ̀ yìí ò lè wò sàn, nítorí ìta ni báńkì wà. A wá ń di ìjókòó mú ná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí á tó béèrè owó pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a fi ń dá ìbéèrè náà mọ̀, kí owó má baà jáde lẹ́ẹ̀mejì bí a bá tún un béèrè. Ǹ bá ti lè ṣe èyí nígbà tí ètò ṣì jẹ́ 14. Mi ò mọ ibi tí ǹ bá fọwọ́ bọ̀ ni.

Láti 1968 ni Melvin Conway ti kọ ọ́ pé bí àwọn èèyàn ilé iṣẹ́ kan bá ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ètò tí wọ́n bá ṣe yóò rí. Àwa márùn-ún jókòó sídìí tábìlì kan, à ń kígbe pe ara wa, mo wá kọ ètò tí àwọn apá rẹ̀ ń kọ lẹ́tà síra wọn. Microservices kò burú fún ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

A dá owó màmá padà, ti ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Nọ́ńbà wọn ṣì wà nínú dátábéèsì wa. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa mọ́.